Iná Abẹ́ Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní Vardø, níbi tí ilẹ̀ parí sí tí òkun gba ọ̀rọ̀ sọ,
oòrùn ti dágbére láti ìparí oṣù Kọkànlá.
Ó di ẹ̀yìn ọdún tuntun ká tó tún fojú kàn án.
Òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀:
ó wọlé olórí ìlú, ó wọlé tiwa,
ó jókòó ti tábìlì bí àna tó gbàgbé ọ̀nà ilé rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe òkùnkùn ìta ló fa ọ̀rọ̀ yìí.
Solfrid ló gé ara rẹ̀ níka
níbi tó ti ń la pánlá lọ́jọ́ Àìkú.
Iná àjà ń tàn, kò sọ pé òun ò tàn,
ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ló wà;
òjìji ara rẹ̀ ló bo ẹja mọ́lẹ̀.
Ọdún méjìléláàádọ́ta ló ti ń fi ọ̀bẹ yẹn la ẹja,
kò gé e rí.
Ó ṣan ìka lábẹ́ ẹ̀rọ, ó ní, "Ọ̀bẹ yìí ti ń darúgbó."
Mi ò fèsì. Àwa méjèèjì la mọ ohun tó ń darúgbó.

Mo kó àpẹẹrẹ iná wálé láti ìsọ̀ Hallgeir.
Ọ̀kan rí roboto bí ìdérí ìgò,
ó tàn síbí, ó fo ọ̀hún;
kárọ́ọ̀tì wà nínú ìmọ́lẹ̀, ọwọ́ tó dì í mú wà lókùnkùn.
Solfrid ní, "Erékùṣù mẹ́ta rèé.
Ta ni yóò máa tukọ̀ láti ìdí àlùbọ́sà dé ìdí iyọ̀?"
Mo dá a padà sínú páálí.

Èkejì gùn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀já, ó funfun,
funfun bí yàrá tí dókítà ti yẹ ẹyinjú rẹ̀ wò ní Kirkenes,
tó sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò gùn.
Gbogbo nǹkan hàn:
ibi tí táìlì ti sán,
epo tó gbẹ mọ́ ògiri nígbà tí Ingvild ṣì ń rá kòrò,
iṣan ẹ̀yìn ọwọ́ mi, tí ẹnikẹ́ni ò bi léèrè.
"Pa á," ló wí. "Mo ríran dáadáa. Pa á."

Ẹ̀kẹta ló wù ú, aláwọ̀ bọ́tà tó ń yọ́.
Ojú rẹ̀ tún dà bí ti ọmọge tí mo bá pàdé létí èbúté.
Ṣùgbọ́n kò rí eegun ẹja.

Ingvild pè láti Bergen:
ẹ ra èyí tó ń yí àwọ̀, ẹ ó kàn máa fi fóònù pàṣẹ fún un.
Ìyá rẹ̀ ní òun ò fẹ́ iná
tí èèyàn ní láti kọ́kọ́ kí kó tó dáhùn.

Ọjọ́ mẹ́rin la fi jiyàn, ká tó pín in bí ẹni pín ogún:
funfun sórí pátákó ìgẹ́ja, kò ju ìwọ̀n apá kan lọ,
bọ́tà sí ìyókù,
kí ojú fèrèsé má ní nǹkan kan,
nítorí ibẹ̀ ló ti máa ń ṣọ́ iná ọkọ̀ Oddmund bó bá ń ti òkun bọ̀.

Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí tábìlì ìdáná,
àpò ìyẹ̀fun ni ìrọ̀rí mi,
ìṣó lẹ́nu, wáyà lọ́wọ́.
Etí iwájú ni mo kàn án mọ́, kí òjìji má tún ráyè.
Solfrid ń tan tọ́ọ̀ṣì fún mi,
ó ń tàn án síbi tí kò yẹ.
Mi ò sọ fún un. Mo fọwọ́ wá ihò náà.

Lóru ọjọ́ kẹta mo ta jí, ẹ̀gbẹ́ mi tutù.
Ìmọ́lẹ̀ ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.
Kò gé nǹkan kan. Kò se nǹkan kan.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ iná funfun, èyí tó kórìíra,
ó ń yí wọn, àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ọwọ́, àpá ọjọ́ Àìkú,
bí ọmọ ilé ìwé tó ń há iṣẹ́ sórí
kí olùkọ́ tó nu pátákó.

Mi ò wọlé.
Hallgeir ní ogún ọdún ni iná náà yóò fi tàn.
Mo ti sanwó. Mi ò bi í pé ogún ọdún ta ni.